Ibojì tí A Kọ̀ Láti Gbẹ́ Nítorí Ọjọ́ àti Ọdún

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bá mi ké halelúyà. Ìran tí mo fẹ́ rò fún yín yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń rò kí ara ìjọ lè yá gágá. Ó ń rùn. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀run àpáàdì nìkan ló ń rí mi lára. Èmi fúnra mi ń rí ara mi lára.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Tíṣà tó ń kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Èmi ni mo ya àwòrán àwọn ẹranko tí wòlíì Dáníẹ́lì rí sára aṣọ funfun gígùn tó máa ń wà lára ògiri yẹn, èyí tí ẹ rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́ lónìí. Mo ya ìyẹ́ wọn, mo ya ìwo wọn, mo sì kọ ọdún sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì mọ ohun tó dájà sílẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ní ẹgbẹ̀fà ọjọ́ ó lé ọgọ́ta. Èmi ní ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan, mo sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Samuẹli ọ̀rẹ́ mi, dìákónì wa, dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní, "Tíṣà, bí Ọlọ́run bá fẹ́ sọ ọdún, ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ni? Ọjọ́ jẹ́ ọjọ́." Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ níwájú yín: ẹ̀rín yẹn ló wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo ń jà fún mọ́, ẹ̀rín tí ẹ fi mí rín ni.

Bí ìjọ ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn tó gba tèmi jókòó sápá ọ̀tún, àwọn tó gba ti Samuẹli jókòó sápá òsì, àwọn ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá ń kọjá, wọ́n á ní Ọlọ́dún ń bọ̀, wọ́n á ní Ọlọ́jọ́ ti kọjá. Ìyàwó ilé kan wà láàárín wa tí kò kí ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ nítorí ẹranko tí èmi fi ọ̀dà yà. Ó yẹ kó bà mí nínú jẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú mi dùn pé wọ́n ń fi orúkọ mi jà.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìjọ yìí kì í háyà ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú. Láti ayé àwọn bàbá wa, bí ọmọ ìjọ bá kú, àwọn ọkùnrin ìjọ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni yóò sì kọ́kọ́ ta ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Màmá Fèbé kú, obìnrin tó ń gbá ilé Ọlọ́run yìí ní gbogbo Sátidé tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni ọkọ́ kàn. Ṣùgbọ́n apá òsì ni màmá ń jókòó sí. Mo dìde níwájú ẹ̀yin ọkùnrin, mo ní, "Àwọn Ọlọ́jọ́ ló lòkú, kí àwọn Ọlọ́jọ́ gbẹ́lẹ̀ òkú wọn." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ẹ kó ọkọ́ yín padà sílé, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé obìnrin ló kún apá òsì, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n ní ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀.

Samuẹli ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun àti Fèbé ọmọ olóògbé, nínú òjò. Ilé mi kò jìnnà sí itẹ́ òkú. Mo jókòó sí ìloro, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo sì ń gbọ́ ìró ọkọ́ wọn lára òkúta. Láti ọjọ́ náà ni òtútù ti wọ Samuẹli láyà, tó sì dùbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò lọ. Mo sọ fún àwọn tèmi pé ìdájọ́ ni.

Ní Sátidé tó ṣáájú ti àná, mo gbààwẹ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ níbi tí a ń kó ìwé orin sí. Mo ti ká aṣọ àwòrán náà wálẹ̀ kí n lè tún ìwo ẹranko kẹrin kùn, nítorí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà. Ẹ gbọ́ àdúrà tí àgbàlagbà gbà: "Olúwa, fi hàn mí bóyá ọjọ́ ni tàbí ọdún, kí ojú lè ti àwọn alátakò." Mo ṣe àmín, mo gbé orí lé aṣọ tí mo ká, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Obìnrin ni. Ó fi aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, n kò sì rí ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ náà pọ́n fún erùpẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Mú ẹrù rẹ."

Mo wo abẹ́ apá mi, aṣọ àwòrán náà ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, kí a tó lọ, ṣé ọjọ́ ni àbí ọdún?"

"Tẹ̀ lé mi."

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ẹni tó bá ti kọjá lẹ́yìn ilé ìpẹran nígbà tí gọ́tà bá dí yóò mọ̀ ọ́n díẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo imú, òórùn náà gba ẹnu wọlé. Àwọn tí mo kọ́kọ́ rí jókòó sílẹ̀, ahọ́n wọn ti gùn jáde lẹ́nu wọn títí ó fi ń wọ́ nílẹ̀, eṣinṣin bò ó, bí ọ̀kan bá sì fẹ́ dìde, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ahọ́n ara rẹ̀. "Òpùrọ́ ni wọ́n," ni olùtọ́nà mi wí. A kọjá lára ọkùnrin àti obìnrin tí a so pọ̀ ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Egbò ẹ̀yìn wọn ti di ẹyọ kan, ọyún sì ń ti ara ọ̀kan ṣàn lọ sára èkejì, tí wọ́n ń bú ara wọn. "Àwọn tó da májẹ̀mú ilé wọn," ó ní. Lẹ́yìn wọn ni mo rí ọlọ́lá kan tó dé fìlà tó ti kún fún ìdin, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu ilẹ̀ jẹ. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń pọ̀ sí i. "Ilẹ̀ àwọn opó nìyẹn," ó ní.

Mo mi orí. Mo ní, "Ó tọ́ sí wọn."

Ó dúró. Ó yíjú sí mi lábẹ́ aṣọ tó bò ó lójú, a sì tún ń lọ.

A dé ibi tí òkìtì iṣu wà. Gbogbo iṣu náà ti jẹrà, omi dúdú ń ti inú rẹ̀ jáde, ọkùnrin kan sì jókòó láàárín rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ tó ń bì í, tó tún ń ṣa èyí tó bì. Olùtọ́nà mi ní, "Eléyìí fi ọjọ́ wòlíì ṣírò, ó dá ọjọ́ fún òpin ayé, ó ní kí àwọn ará má ṣe wa iṣu wọn. Ọjọ́ pé, ọjọ́ kọjá, iṣu jẹrà sínú ebè. Ọmọ wọn sunkún ebi lọ́dún náà."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, "Èmi kò dá ọjọ́ rí, Màmá. Àkókò nìkan ni mò ń ṣàlàyé."

"A kò tíì dé ọ̀dọ̀ tìẹ," ó ní.

Ẹ̀yin ará, inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó mú mi wọ̀. Mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlógójì nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, n kò lè ṣì í mọ̀. Pátákó wà níwájú, àga tò lọ bẹẹrẹ, ṣọ́ọ̀kì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n èébì ló kún ilẹ̀ ibẹ̀ dé orúnkún, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń hó, àwọn àgbà ọkùnrin tó wọ kóòtù sì dúró nínú rẹ̀, ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń jiyàn. "Ọjọ́ ni!" "Ọdún ni!" Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá la ẹnu, ìdin ló ń dà jáde, á bọ́ sójú ẹni tó kọjú sí i, ẹni yẹn á fi apá nù ún, á sì tún dá a lóhùn. Kẹ́lẹ́bẹ̀ ń yọ̀ lára irùngbọ̀n wọn. Kò sí èyí tó ń sunkún nínú wọn. Ohun tó kó mi nírìíra jù nìyẹn: wọn kò mọ̀ pé inú ọ̀run àpáàdì làwọn wà. Iyàn ni wọ́n rò pé àwọn ń já.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí n kò ní gbàgbé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́bẹ́ kan wà níwájú pátákó tó ń ṣírò ẹgbẹ̀fà ọjọ́ ó lé ọgọ́ta. Ó ṣì í. Ó pín in sí oṣù, oṣù méjìlélógójì ló yẹ kó jẹ́, ó kọ ogójì. Mo rí i, ọkàn mi kò gbà á. Olùtọ́nà mi di apá mi mú, mo já a gbà. Mo na ìka, mo ní, "Rárá o, alàgbà, ẹ gbàgbé oṣù méjì," ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán tí nǹkan fi rìn lórí ahọ́n mi, ó tutù, ó rọ̀, ó ń yí, mo fẹ́ tu ú, òmíràn tẹ̀ lé e, mo pa ẹnu dé, wọ́n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ń wá ọ̀nà imú, mo la ẹnu láti ké Jésù, ìdin ló dà jáde dípò orúkọ náà, àwọn àgbà kóòtù yíjú sí mi, inú wọn dùn, wọ́n ní, "Tíṣà ti dé! Ẹ fún Tíṣà láyè!" wọ́n sì sún, àga kan ṣófo láàárín wọn, orúkọ mi wà lára rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé èmi fúnra mi ni wọ́n fi kọ ọ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, aṣọ àwòrán abẹ́ apá mi ti mu èébì yó, ó wúwo, ó ń fà mí lọ sórí àga náà, mo ń yọ̀, mo ń yọ̀, n kò rí nǹkan dì mú.

Ọwọ́ olùtọ́nà mi ló gbá mi mú lọ́rùn aṣọ. Ó fà mí jáde bí ẹni fa ewúrẹ́ jáde nínú kòtò.

N kò mọ bí a ṣe gòkè. Mo ṣáà gbọ́ atẹ́gùn tútù lójú mi. Ibi tí a dé kò rí bí mo ṣe ń ya ọ̀run. Kò sí wúrà tó ń kọ mànà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó mọ́ ni, ibòji wà, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ bí ẹni tó dé láti oko tó ti wẹ̀ tán. Mo rí àwọn Ọlọ́dún wa tó ti sùn nínú Olúwa, mo rí àwọn Ọlọ́jọ́, wọ́n ń gba omi lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí apá ọ̀tún, kò sí apá òsì.

Ẹnì kan tó ń ṣọ́ ẹnubodè ibẹ̀ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ tutù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, ẹ̀yin ará. Pẹ̀lú ìdin lẹ́nu, mo tú aṣọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo na ìka sí ẹranko kẹrin, mo ní, "Olúwa mi, ọjọ́ ni àbí ọdún?"

Ó wo aṣọ náà, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ tí o mọ ọjọ́ kà, ọjọ́ mélòó ni Samuẹli ti wà lórí ìdùbúlẹ̀?"

Mo la ẹnu. N kò mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò, ọjọ́ òjò yẹn, oṣù tó tẹ̀ lé e, ó dà rú mọ́ mi lójú. Èmi tí mo lè sọ ọdún tí ìjọba Bábílónì wó lójú oorun! Àwọn tó jókòó sábẹ́ ibòji rọra yíjú kúrò lára mi, bí ọmọlúàbí ṣe ń yíjú kúrò lára ẹni tó ṣe ohun àbùkù láwùjọ. Mo wo ara mi. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, èébì ni. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi tilẹ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ tèmi sílẹ̀ fún ọdún méjì, làpálàpá ẹlòmíràn ni mò ń ṣírò.

Nígbà náà ni olùtọ́nà mi ṣí aṣọ lójú. Màmá Fèbé ni. Erùpẹ̀ itẹ́ òkú wa ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. N kò lè gbójú wò ó.

"Tíṣà," ó ní, "ilẹ̀ tí Samuẹli gbẹ́ fún mi jìn dáadáa. Omi kò wọ̀ ọ́. Má sunkún tèmi."

Ó mú ìgbálẹ̀ kan lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹnu ọ̀nà kékeré kan tó wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń gbá àárín àga wa ní Sátidé, láìkánjú, tó ń tẹ̀ wo abẹ́ nǹkan.

Mo ní, "Màmá, ta lẹ ń gbálẹ̀ dè?"

"O mọ̀ ọ́n," ó ní, kò dúró. "Sáré."

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, kò tíì tó aago mẹ́rin. Itọ́ mi ti rin ìwo ẹranko kẹrin. Mo bọ́ sójú ọ̀nà láìwọ bàtà, aṣọ àwòrán náà ṣì wà lábẹ́ apá mi, mo gba àárín ọjà kọjá, àwọn kan sì rò pé orí mi ti dà rú.

Màmá Dèbórà, ìyàwó Samuẹli, ló ṣílẹ̀kùn. Kò ní kí n wọlé, kò sì ní kí n má wọlé.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ọjọ́ mélòó ni?"

Ó wò mí títí. "Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin, Bàbá Tíṣà. Ẹ wo ògiri." Ó ti ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ìlà kan lóòjọ́. "Mo ní kí n máa kà á, nítorí ẹ̀yin olùkà kò wá."

Samuẹli ti rù hangogo. Èémí rẹ̀ ń dún. Ó la ojú kan, ó ní, "Tíṣà. O pẹ́."

"Mo pẹ́, Samuẹli. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó gbẹ́ ilẹ̀ yẹn tán. Bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ́ ì bá wúwo jù. O ti béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, àbí? Mo mọ̀ ọ́. Kí ló ní?"

"Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò dá mi lóhùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mo gbé ike itọ́ sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tó jáde kò dára lójú, òórùn yàrá náà le, ṣùgbọ́n kò rí mi lára. Nígbà tí aṣọ ìtẹ́bùsùn tán nílé, mo fa aṣọ àwòrán mi ya sí méjì, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Ó wo ìwo ẹranko kẹrin tó yọ lábẹ́ itan rẹ̀, ó ní, "Lónìí ni ẹranko yìí kọ́kọ́ wúlò."

Ìdí tí ẹ kò fi rí mi ní ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Láti Sátidé títí di Wẹ́sìdeè ni mo fi wẹ̀ ẹ́, tí mo fi bọ́ ọ ní ẹ̀kọ, tí àwa méjèèjì fi ń ṣépè fún ìwà òmùgọ̀ wa. Ọjọ́ márùn-ún péré. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ìyàwó rẹ̀ kò fa ìlà mọ́.

Ẹ̀yin ará, n kò mọ̀ bóyá ọjọ́ ni tàbí ọdún, n kò sì ní kọ́ yín mọ́ bí ẹni tó mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rí àga mi. Ó ṣì ṣófo dè mí. Àwọn àga mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ṣófo, tí wọ́n ti kọ orúkọ sí, mo mọ àwọn tó ni orúkọ náà, àwọn kan nínú wọn sì ń wò mí báyìí láti apá ọ̀tún àti láti apá òsì. Ẹ bẹ̀rù. Mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rù ibẹ̀, ìdin ibẹ̀ kì í kú.

Ọ̀la la ó sin Samuẹli. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọkọ́ mi wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, èmi ni yóò kọ́kọ́ ta á sílẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ti darúgbó, n kò lè dá a gbẹ́. Samuẹli náà kò lè dá ti Màmá Fèbé gbẹ́. Ó gbẹ́ ẹ.